Verlene Tún Ìkànnì Ìlú Ṣe

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Verlene Hruska ti ń ṣe akọ̀wé ìlú Plum Fork, ní Nebraska. Òun ló ń kọ̀wé àṣẹ fún àwọn tó ní ajá, òun ló ń dáhùn bí páìpù bá bẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú wá ní àwọn fẹ́ ìkànnì ayélujára tí yóò máa pe oníṣòwò wọ̀lú, ta ni wọn ì bá tún gbé e lé lọ́wọ́? Ó ṣe é, ó sì dùn ún wò: oòrùn ń wọ̀ lórí oko àgbàdo, Duane olórí ìlú gbé ẹja ńlá dání, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún méjì kọjá, ẹnikẹ́ni ò pè.

Lọ́jọ́ kan, àjèjì kan yà sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti béèrè ọ̀nà. Verlene fún un ní kọfí àti kolache, búrẹ́dì dídùn eléso. Ọkùnrin náà ní wàràkàṣì lòun ń ṣe, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ní ìlú kejì ni.

"Ṣé ẹ ò rí ìkànnì wa ni?"

"Mo rí i, mà. Mo rí ẹja náà. Àmọ́ ilé tó ṣófo ńkọ́? Báwo ló ṣe tóbi tó? Ta ni kí n pè? Mi ò rí ìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Verlene lákínyẹmí ara. Bí ọkùnrin náà ti lọ, ó mú tépù, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń ti ilé òfìfo kan bọ́ sí òmíràn: iléeṣẹ́ wàrà àtijọ́, ṣọ́ọ̀bù bàtà tó ti kógbá sílé. Ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó ya fọ́tò ẹnu ẹ̀rọ omi àti ihò ìṣàn omi, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sórí ìkànnì náà.

Kò pẹ́ tí Duane fi já wọlé.

"Verlene, níbo lo gbé ẹja mi sí?"

"Ó wà nísàlẹ̀ ìkànnì, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́. Ẹja kì í gbani síṣẹ́, Duane."

"Ẹja yẹn wúwo ju ọmọ ọwọ́ lọ o!"

"Kíláàsì kan náà la jọ wà níléèwé. Mo mọ irọ́ rẹ látìgbà yẹn."

Duane bú sẹ́rìn-ín, ó gba kámú.

Nọ́ńbà fóònù Verlene fúnra rẹ̀ ló wá wà lókè ìkànnì náà pátápátá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, onídìrí ń fọ orí rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Janelle Sedlacek ni, ọmọ ìlú náà tó di dókítà ẹran ní Omaha.

"Àǹtí Verlene, iléeṣẹ́ wàrà yẹn, ṣé lóòótọ́ ni ihò ìṣàn omi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀? Á dáa fún ìtọ́jú màlúù."

"Mẹ́rin ni, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi há sínú ọ̀kan!"

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Janelle kó dé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ méjì. Wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n ìlú tó ti ń fi ọkọ̀ gbé màlúù aláìsàn rin ìrìn wákàtí kan lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ iyì ẹni mẹ́ta. Verlene yọ iléeṣẹ́ wàrà náà kúrò lára àwọn ilé òfìfo orí ìkànnì. Ó ń wo àyè tó ṣófo níbi tí ilé náà wà tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.