Ìyáálé Màmá Amọ̀kòkò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ọ̀ṣunwùnmí, kó jókòó kí n sọ fún un. Ọkọ kan náà ló fẹ́ wa, Fáṣèyí, àgbẹ̀ tó ń dá oko àgbàdo àti gbágùúdá lọ́nà Ikpinlè. Èmi Pélagie ni ìyáálé, òun ni ìyàwó. Mo sì fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ ọ́n: mo ń jowú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ní orogún tí òun ò jowú, irọ́ ló ń pa, kó lọ fi tan ọmọdé.

Tatonnonkon ló ti wá. Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀, amọ̀kòkò ni ìyá ìyá rẹ̀. Nígbà tó wọlé wa, ọdún keje nìyí, ẹrù rẹ̀ ò ju àpótí kan lọ, pẹ̀lú agbọ̀n amọ̀ tó gbé lérí bí ẹni gbé wúrà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Ìyàwó, ṣé kò sí ilẹ̀ nílé wa ni?" Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ó wà, Ìyáálé mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ìwà rẹ̀." Ẹ gbọ́ èsì! Ó kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó fèsì.

Bó ṣe rí nìyẹn. Kì í pariwo, kì í bá èèyàn jà. Mo bú u títí, kò bú mi padà. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe ń dunni tó! Ẹni tó bá bú mi, mo mọ ohun tí mo lè ṣe fún un.

Ohun tó wá ba gbogbo nǹkan jẹ́ ni mùsé. Ní Porto-Novo, wọ́n ní ilé kan tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí, mùsé ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará ibẹ̀ rò ó pé kàkà kí àwọn ọmọ ilé-ìwé oko máa ka ìtàn lójú pátákó lásán, kí wọ́n fọwọ́ kàn án: kí wọ́n lọ ata lórí ọlọ, kí wọ́n ran òwú, kí wọ́n mọ ìkòkò bí àwọn ìyá ńlá wọn ṣe ń mọ ọ́n. Ni wọ́n bá rán Madamu Carine wá sí Adja-Ouèrè wa níbí pé kó wá amọ̀kòkò tí á máa wọ kíláàsì kọ́ àwọn ọmọ. Ta ni wọ́n júwe fún un? Èmi. Mi ò fọwọ́ mọ ìkòkò rí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ Faransé, mo kàwé dé CM2, ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ń kọrin ní ìjọ Kátólíìkì. Mo gbé àga fún un, mo bu omi fún un, mo ń mú un yí ilé ká, mo ń sọ̀rọ̀ ìkòkò bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ó ń mi orí. Mo ti rí ara mi níwájú àwọn ọmọ, tèmi taṣọ tuntun. Àṣé ẹ̀yìnkùlé ni wàhálà wà. Ọ̀ṣunwùnmí bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, amọ̀ dé ìgúnpá, ó ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, ó ń mọ ọ́n. Madamu Carine ò tún wo ojú mi mọ́. Mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi!

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, ń wá gbé e pẹ̀lú amọ̀ rẹ̀. Òní Oko-Akarè, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ Ikpinlè. Ọmọ tó bá rí i lójú ọ̀nà á pariwo, "Màmá Amọ̀kòkò! Màmá Amọ̀kòkò!" Èmi tí mo bí ọmọ márùn-ún, tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí kó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè mí báyìí? Ìyáálé Màmá Amọ̀kòkò. Fáṣèyí gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Fara balẹ̀, Pélagie. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná." Mo ní kó lọ jẹ ata náà níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Mi ò dáná fún un lọ́jọ́ yẹn.

Mo lè fara da gbogbo ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara dà ni ti Grâce. Àbíkẹ́yìn mi ni, CM1 ló wà, ó ku ọdún kan kó dé CM2. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà kan kíláàsì tiwọn, ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. "Ìyá kékeré ní ká má fomi púpọ̀ sí i. Ìyá kékeré ní ìkòkò ni wọ́n fi ń tọ́jú omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun láti ayé àtijọ́." Bó bá ti ilé-ìwé dé, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ, kì í yà lọ́dọ̀ mi. Èmi tí mo fi ọjọ́ méjì rọbí rẹ̀! Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, oúnjẹ tutù, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. 

Wọ́n ní ọmọ kọ̀ọ̀kan á mọ ìkòkò kékeré kan. Wọ́n á sun gbogbo rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé níwájú àwọn òbí. Bó bá ti jáde nínú iná, ọmọ á gbé tirẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ ní nǹkan jù nípa ayé àtijọ́. Mo bi Grâce pé ta ló máa gbé tirẹ̀ fún. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ." Ọmọ tó fẹ́ gbé e fún ìyá rẹ̀, kí ló ń wolẹ̀ sí?

Ọ̀rọ̀ ì bá sì rọrùn bí kì í bá ṣe èèwọ̀ kan. Ní ìdílé Ọ̀ṣunwùnmí, wọ́n gbà pé ẹni tó bá ń jowú ẹnìkejì rẹ̀ tàbí tó dì í sínú kì í dúró ti iná ìkòkò. Bó bá dúró, ìkòkò á bẹ́. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ sì ti gbé e délé, kò sí ìyá tí kò gbọ́.

Ẹ wo pàkúté! Bí mo bá lọ tí ìkòkò bẹ́, wọ́n á ní owú Pélagie ló fọ́ ìkòkò àwọn ọmọ. Bí mi ò bá lọ, mo ti jẹ́wọ́ pé mo ń jowú nìyẹn. Mo ní Kátólíìkì ni mí, èèwọ̀ wọn ò kàn mí. Ṣùgbọ́n ìkòkò Grâce wà nínú iná yẹn. Bí tirẹ̀ bá bẹ́ ńkọ́?

Lọ́jọ́ náà, mo wọ aṣọ, mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọgbà ilé-ìwé, wọ́n ti to ìkòkò jọ, wọ́n ti fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ bò ó, iná ti ń jó. Àwọn ìyá yí i ká. Bíntù tó ń ta epo rí mi, ó ké pè mí: "Ìyá Grâce, ẹ sún mọ́ ibí! Àbí kí ló dé?" Gbogbo ojú yí sí mi.  Mo ní oòrùn ń pa mí, mo yà sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọgbà. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn lẹ́yìn mi. Ó tán, mo ti jẹ́wọ́ lójú ayé.

Ni mo bá bá Ọ̀ṣunwùnmí níbẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti igi.

Mo ní, "Ìwọ! Ta ló wà nídìí iná?"

"Ìyá mi ni. Mo ránṣẹ́ pè wọ́n láti Tatonnonkon."

"Kí ló dé? Ara rẹ ò yá ni?"

Kò wo ojú mi. "Ara mi yá, Ìyáálé mi. Inú mi ni ò mọ́. Mi ò lè dúró ti iná."

"Sí ta ni?"

"Sí yín."

Háà! Sí èmi! Mo fi ìbínú bi í pé kí ni mo ní tó fi ń jowú mi. Ó ní, "Ọdún keje mi nìyí nínú ilé yín. Mo ti mọ ìkòkò omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun fún gbogbo aboyún àdúgbò, mi ò tíì mọ tèmi. Grâce ń wá bá mi lẹ́yìnkùlé lójoojúmọ́, a ń ṣeré, a ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ó wá pè é látinú ilé, ẹ̀ẹ̀kan péré, á dìde. Kì í wẹ̀yìn."

  Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ń wo èéfín.

Nígbà tó yá, ariwo ayọ̀ sọ nínú ọgbà. Ìkòkò ò bẹ́, àfi ọ̀kan tó là létí. Grâce jáde, ó fi aṣọ di tirẹ̀ mú torí ó ṣì gbóná, ó ń wò yíká títí ó fi rí wa. Ó sáré wá.  Ó na ìkòkò náà síwájú.

Àwa méjèèjì la nawọ́.

Ọmọ náà dúró. Ó wò mí, ó wò ó. Ọ̀ṣunwùnmí ló fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀ bí ẹni pé amọ̀ wà níbẹ̀. Kò sí amọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Mo gba ìkòkò.

Ẹ má retí pé kí n ní mo gbé e fún un. Mi ò gbé e fún un. Èmi ni mo bí ọmọ, orí tábìlì mi sì ni ìkòkò wà títí dòní. Ṣùgbọ́n ta ni Grâce ń gbé e bọ̀ wá fún? Mi ò mọ̀. Ọmọ ń gbé inú ilé pẹ̀lú mi, mo lè pè é báyìí kí n bi í. Ẹ̀rù ń bà mí.