Ọjọ́ Tí Olúsànyà Dá Ìran Dúró

Ta ni ní Ìdímù tí kò tíì gbọ́ ti ọjọ́ tí Olúsànyà dá ìran dúró? Ìyá Àdúrà Àtọ́kẹ́ wà nínú ẹ̀mí láàárín ìjọ, òógùn ti rin sùtánà rẹ̀ gbingbin, ó ń ké pé, "Mo rí òjò ńlá! Mo rí arìnrìn-àjò kan..." Ni Olúsànyà bá dìde.

"Ìyá Àdúrà, ẹ jọ̀ọ́, a ti rí òjò yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kò sí tuntun ni?"

Kíá ni ẹ̀mí kúrò lára ìyá. Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Tòún, aya Olúsànyà, fi ìborùn bojú.

Ẹ má bá a wí jàre, iṣẹ́ ló bà á jẹ́. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ní Amẹ́ríkà ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Káséètì ló ń gbé kiri nígbà tó débẹ̀, ó sì di ọ̀gá tó ń pinnu eré tí ará ìlú yóò wò àti èyí tí wọn yóò yọ dànù. Òṣèré á bẹ̀bẹ̀, òǹkọ̀wé á sunkún, Olúsànyà á ní, "Ó ti sú àwọn èèyàn." Títí ó fi yọ eré kan báyìí, tí ilé iṣẹ́ mìíràn gbé e, tí eré ọ̀hún sì di ààyò gbogbo ayé. Bí wọ́n ṣe yọ òun náà nìyẹn.

"Ṣé kò dùn yín ni?" Tòún bi í.

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni wọ́n, èmi náà á yọ mí."

Ó kó ìwà náà bọ̀ wálé. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìkòtún, bàbá àgbà ṣì ń to orúkọ lọ rẹrẹẹrẹ, Olúsànyà ní, "Bàbá, ọmọ yín ti sùn." Nípàdé onílé, Alága Ilésanmí kò jẹ́ sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ wo ojú rẹ̀.

Ìyá Àdúrà nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìran yẹn, kò ríran mọ́ láàárín ìjọ, kò sì dá Olúsànyà lóhùn títí ọlọ́jọ́ fi dé bá ọkùnrin náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìjọ wọn, òun ló ń gbàdúrà ìkẹyìn sórí òkú. Tòún lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, ìyá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sin ọkọ mi bí ẹni tí kò níjọ."

"Kí n wá sọ èyí tí ẹ ti gbọ́ rí? Dìde nílẹ̀, kó o máa lọ sílé."

Ẹkún ni Tòún sun délé.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ti fẹ́ gbé pósí nígbà tí ìyá wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́wọ́ lé pósí.

"Mo rí..." Ó mi orí. "Irọ́ ni. Mi ò rí nǹkan kan. Mo kàn ń retí kó dìde, kó ní ó ti tó."

Tòún ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ìjọ sì tẹ̀ lé e, kí ẹ̀rín náà tó di ẹkún mọ́ wọn lẹ́nu. Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Nígbà tó fẹ́ ṣe àmín, Tòún di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má tíì dákẹ́, ìyá mi."