Ọ̀mọ̀wé Tó Da Omi Sínú Fótò Oko Wa

Mo ti bá agbéraga pàdé lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin tó wá láti Kutọnú yẹn tún yàtọ̀.

Fisíìkì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Ṣábẹ. Àwọn ará mẹ́rì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, fẹ́ mọ ààlà àwọn oko kajú tó wà ní apá odò Okpara. Wọ́n fi dróònù ya fótò ilẹ̀ náà láti òkè, wọ́n sì ní kí ọ̀mọ̀wé yìí wá fi òdínátọ̀ rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà, pín in sí oko-oko. Wọ́n pè mí pé kí n wá jókòó tì í, nítorí ọgbọ́n fisíìkì ló fẹ́ lò.

Ó wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbẹ̀ tó lè bí i lọ́mọ jókòó síbẹ̀, ó gba iwájú wọn kọjá bí ẹni pé àga ni wọ́n. Faransé ló ń sọ, èmi ń túmọ̀.

"Màdáàmù, ẹ sọ fún wọn pé bí ilẹ̀ ni mo ṣe ń wo fótò yìí. Ibi tó mọ́lẹ̀ jẹ́ òkè, ibi tó ṣókùnkùn jẹ́ kòtò. Màá da omi sínú àwọn kòtò náà. Bó bá kún, tí omi méjì fẹ́ pàdé, màá mọ odi sí àárín wọn. Odi yẹn ni ààlà."

Ọgbọ́n gidi ni, ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹnu tó fi sọ ọ́, o ó rò pé òun ló dá omi.

Ó tẹ bọ́tìnì, àwòrán yọ lára ògiri. Yéè! Igi kajú kọ̀ọ̀kan di oko, ẹ̀ka igi náà ní ààlà tirẹ̀. Kódà, òjìji òkè àpáta gba ilẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó ní oko níbẹ̀ bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló gé oko mi wẹ́wẹ́ báyìí?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá, mi ò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

"Òdínátọ̀ kì í parọ́," ó ní. "Bóyá wọn ò mọ oko wọn."

"Ọ̀gá, ẹ ò mú fótò náà rọ̀ kí ẹ tó da omi sí i," ni mo wí. "Gbogbo ewé tó ń dán ti di òkè. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ràn bí ooru ṣe ń ràn lára irin, àwọn gegele kéékèèké á tẹ́jú, òkè ńlá á kù. Lẹ́yìn náà, inú oko tí a mọ̀ nìkan ni kí ẹ da omi sí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, ẹ máa túmọ̀, ìyẹn tó yín."

Inú bí mi débi pé mo gba fótò náà lọ́wọ́ àwọn ará mẹ́rì nígbà tó lọ. Mo mú un rọ̀ lórí òdínátọ̀ tèmi, mo pe àwọn olóko, oníkálukú fi ìka tọ́ka sí àárín oko rẹ̀, ibẹ̀ ni mo da omi sí. Ààlà tó jáde jọ ti ojú ilẹ̀, àfi létí odò, níbi tí igbó ti bo ọ̀nà tó wà láàárín oko. Òdínátọ̀ kò lè rí ohun tí fótò kò rí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, a sì gbà láti fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Etí odò yẹn ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọlé sórí fóònù mi; àwọn ará mẹ́rì ti fi ààlà tuntun náà hàn án. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú iṣẹ́: "Màdáàmù, báwo lẹ ṣe mú un rọ̀? Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpàdé kan."

Ojú kò tì í rárá! Mo ka ọ̀rọ̀ náà sókè fún àwọn olóko, wọ́n pòṣé. Mo ti fóònù bọ àpò. Ẹ̀gún ti há mọ́ mi láṣọ, ìyá àgbà sì ń pè mí níwájú pé kí n wá wo ibi tí oko òun parí sí.