Ọ̀sà Tí Mi Ò Rì Sí

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti yàrá kejì: "Ẹ yin Olúwa! Mo ní ẹ yin Olúwa!" Mo rò pé pásítọ̀ ló wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo yọjú, Tọ́míwá ọmọ àbúrò mi ni mo rí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó dúró níwájú dígí, ó fi òòyà ṣe máìkì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́rìí níwájú ìjọ kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n bọmi. Ojú tì í díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rí mi ò dùn rárá. Mi ò ṣàìsàn rí, mi ò jalè rí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí. Ẹ bá mi fi nǹkan sí i."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín náà wá dáwọ́ dúró lójijì, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀, mo ti bá ara mi fi nǹkan sí i rí.

Bájúláiyé là ń gbé nígbà náà, ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ké tọ̀sán-tòru tó fi jẹ́ pé bó bá dákẹ́ ni ọmọ ọwọ́ máa ń jí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, inú àpótí kan náà ló sì kó aṣọ rẹ̀, Bíbélì rẹ̀ àti ìjọ Onítẹ̀bọmi sí wá Èkó. Ìwé ló ń gé nílé ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ yàrá wa, nítorí náà ìwé àgékù ò wọ́n wa. Òun la fi ń ṣe iṣẹ́ iléèwé, òun la fi ń dáná, òun náà la sì fi ń ṣe àwọn nǹkan mìíràn tí mi ò ní dárúkọ níhìn-ín. Bílẹ̀ bá ti mọ́, àdúrà ni. Mo mọ orin, mo mọ àkọ́sórí, mo mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti mí kanlẹ̀ bó bá ń gbàdúrà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà yẹn pé mi ò mọ Ọlọ́run, ǹ bá ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá mi.

Arúgbó tín-ín-rín kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Díákónì ló ń kọ́ àwa tá a fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi. Kì í béèrè ohun tó wà nínú ìwé, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà wá. Lọ́jọ́ kan ó dojú kọ ọmọkùnrin kan: "Ìwọ, bí bàbá rẹ bá ní òun ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ńkọ́?"

"Màá tẹ̀ lé mọ́mì mi, sà."

"Bí mọ́mì náà ò bá lọ?"

"Màá sùn, sà."

A rẹ́rìn-ín títí a fi fẹ́ ṣubú. Bàbá ò rín. Ó nawọ́ sí òdòdó kan tí wọ́n gbìn sínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ ò rí bó ṣe tutù yọ̀yọ̀? Agolo ló gbé e dúró. Ẹ̀yin náà tutù lójú mi. Mi ò tíì mọ ohun tó gbé yín dúró."

Ní ìjọ wa, ẹni tó bá fẹ́ ìtẹ̀bọmi á dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, á sọ bí òun ṣe mọ Olúwa, ìjọ á sì nawọ́ sókè bí wọ́n bá gbà á. Ẹni tí wọ́n tò ṣáájú mi ti ṣe agbèrò rí ní gáréèjì. Ó sọ nípa igbó tó fà, ó sọ nípa ìgò tí wọ́n fọ́ mọ́ ọn lórí, ó tẹ orí ba kí a lè rí àpá rẹ̀. Halelúyà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé páànù lọ. Èmi ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù lọ́wọ́ mi ni ẹran tí mo ń yọ nínú ọbẹ̀. Ta ni yóò ké halelúyà nítorí ẹran?

Ṣùgbọ́n mo ti múra sílẹ̀. Lórí ìwé àgékù mẹ́ta ni mo ti kọ ọ́, mo sì ti kọ́ ọ sórí. Mo sọ fún ìjọ pé mo ré bọ́ sínú ọ̀sà ní Bàrígà, mo rì lọ sísàlẹ̀, gbogbo ayé dákẹ́, ẹ̀rù ò sì bà mí rárá. Mo ní ìmọ́lẹ̀ kan dé, ẹnìkan pe orúkọ mi jẹ́jẹ́, ọwọ́ kan sì gbé mi sí etí omi. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti dé etí ọ̀sà náà rí. Omi ò dé orúnkún mi. Ìjọ sunkún. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè.

Nígbà tá a délé, ìyá mi ti ilẹ̀kùn. "Ta ló rán ẹ lọ sétí ọ̀sà? Ta ló rán ẹ?" Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ bá mi kẹ́dùn: mo jẹ ẹgba omi tí mi ò mu.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Táyọ̀ wá sílé wa. Ará Ìlàjẹ ni, ó ń yan ẹja tà létí omi ní Bàrígà, àga tó wà lẹ́yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì pé ọdún kan tí ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú Táyọ̀, àkọ́bí rẹ̀, níbi tó ti ń lọ kó àwọ̀n. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Ó kí bàbá mi, ó kí ìyá mi, ó wá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, dákun, má bínú. Nígbà tó o wà nísàlẹ̀ yẹn, ẹ̀rù ò bà ẹ́ lóòótọ́?"

Bàbá mi ń wò mí. Ìyá mi ń wò mí.

"Rárá, mà."

"Ohùn tó pè ẹ́ yẹn, ó rọ̀?"

"Ó rọ̀, mà."

Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ọlọ́run ṣeun o."

Láti ìgbà náà ni ara mi ò ti lélẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Wẹsidé, Ìyá Táyọ̀ gbé ẹja yíyan wá fún ìyá mi, ó ní òun ti ń sùn, ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Táyọ̀ wálé, òun ò fojú kan irú oorun bẹ́ẹ̀. Ìyá mi fi ẹja náà se ọbẹ̀. Mo ní eyín ń dùn mí. Lọ́jọ́ kejì, mo yípo gba Akọ́kà lọ sí ibi tó jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n má bàa pàdé obìnrin náà. Bí mo bá jókòó, mo fẹ́ dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Bí mo bá dákẹ́, Ìyá Táyọ̀ á máa sùn, wọ́n á sì tẹ̀ mí bọmi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo gba oorun lójú ìyá tí ọmọ kú fún. Mo wá Ọlọ́run nínú ọkàn mi kí n lè bi í léèrè. Ohùn bàbá mi nìkan ni mo bá níbẹ̀, ó ń ka àdúrà àárọ̀.

Mo fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ béèrè lọ́wọ́ Bàbá Díákónì: "Sà, bí irọ́ bá ń ṣe ẹnìkan lóore ńkọ́?"

Ó wò mí títí. "Títí dìgbà wo?" Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìtẹ̀bọmi, ìyá mi ti lọ aṣọ funfun mi, ó ti fi kọ́ ara ògiri. Mi ò lè wò ó. Mo sáré lọ sétí omi. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀, àwọn ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí ẹrẹ̀, Ìyá Táyọ̀ sì ń to ẹja sórí wáyà tó wà lókè iná.

"Mà, mi ò rì. Irọ́ ni mo pa."

Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. "O ò wọ inú omi?"

"Ẹsẹ̀ mi nìkan ni, mà."

"Ohùn yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Sínú ìwé."

Ó to ẹja mẹ́ta sí i. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ta ẹja pòṣé ṣàà: "Ọmọ burúkú gbáà! Ìyá Táyọ̀, fọ́ ọ létí!" Kò fọ́ mi létí. Ì bá jẹ́ pé ó fọ́ mi létí, ara ì bá tù mí.

Nígbà tó yá, ó ní, "Nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọmọ mi rí."

"Mi ò mọ̀, mà."

"Èmi náà ò mọ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Kúnlẹ̀. Jẹ́ ká gbàdúrà bí ẹni tí ò mọ̀."

Mo kúnlẹ̀ sórí ìpẹ́ ẹja. Mò ń retí kó bẹ̀rẹ̀, òun náà ń retí mi. Èmi tí mo mọ àdúrà bí ẹyẹ ṣe mọ orin, n ò rí ẹyọ kan sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi nígbẹ̀yìn ni pé, "Ọlọ́run, ṣé o wà pẹ̀lú Táyọ̀ lọ́jọ́ náà?" Ohùn tó sọ ọ́ kì í ṣe ti bàbá mi. Èèyàn kì í ṣe àmín sí ìbéèrè, àmọ́ Ìyá Táyọ̀ ṣe àmín.

Wọn ò tẹ̀ mí bọmi lọ́dún yẹn. Mo sọ fún bàbá mi, bàbá mi sọ fún pásítọ̀, ìyá mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ìyá Táyọ̀ ò gbé ẹja wá mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì láyà láti béèrè títí ó fi padà sí ìlú rẹ̀.

Iyanrìn ti bo apá kan ọ̀sà náà báyìí. Bàbá mi ti kú, Bàbá Díákónì ti kú, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ Bájúláiyé. Mo sọ ìtàn yìí fún Tọ́míwá, mo ní kó sọ kìkì ohun tó mọ̀, bí kò tilẹ̀ ju ìlà méjì lọ. Ó fajú ro: "Àǹtí, ìlà méjì? Wọn ò ní pàtẹ́wọ́ o!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní pàtẹ́wọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá béèrè pé, "Bí mi ò bá tilẹ̀ rí ìlà kan ńkọ́?" Mo sọ fún un pé ìyẹn gan-an ni kó lọ sọ fún Ọlọ́run kó tó lọ sọ ohunkóhun fún ìjọ.

Ẹ má rò pé èmi ti gúnlẹ̀ o. Ìbéèrè tí mo bi Ọlọ́run létí omi yẹn, kò tíì sí èsì. Mo ti bínú sí i, mo ti pa á tì fún ọdún bíi mélòó kan, mo tún ti padà sídìí rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó rán mi. Láàárọ̀ yìí náà, mo béèrè, mo dúró díẹ̀, n ò gbọ́ ohùn kankan, mo sì dìde lọ gbé omi tíì kaná. Lọ́la, màá tún béèrè.