Ìròyìn Tí Mo Tọpa Rẹ̀ Dé Kabong

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kì í kùtà lọ́wọ́ tèmi. Ìròyìn Yorùbá ni mò ń kà ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Jọ́ọ̀sì, irọ́ ò sì gba ẹnu mi jáde níbẹ̀ rí. Ẹni tó bá ní mò ń fọ́nnu, kó lọ bi ọ̀gá mi.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan dé sórí Wasáàpù ẹgbẹ́ àwa ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì. Ó ní májèlé wà nínú nono, wàrà kíkan táwọn Fúlàní ń ta, èèyàn mẹ́ta sì ti kú ní ọsibítù kan ní Bauchi Road. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, obìnrin Fúlàní tó máa ń gbé igbá nono wá sẹ́nu géètì wa ò rí oníbàárà kan ṣoṣo.

"Babu kasuwa," ló ń wí, pé ọjà ò tà. Òun nìkan ló ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Inú bí mi gidigidi.

Haba! Mo fẹsẹ̀ ara mi dé ọsibítù náà. Kò sí òkú, kò sí aláìsàn tó mu nono. Ó yẹ kó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ tá ò bá mọ bàbá rẹ̀, á tún padà wá. Mo bi ẹni tó gbé e sínú ẹgbẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi ránṣẹ́ sí yín?" Ó ní tíṣà kan ní Vom ni. Tíṣà ní ìyàwó òun ni. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Kabong mà ni!"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta yógọ́ọ̀tì inú ike. Mo gbé fóònù síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Nono ni gbogbo wọn ń rà, wọn ò wo tèmi. Jọ̀ọ́, má dójú tì mí. Ọmú kan náà la jọ mu."

"Obìnrin yẹn náà lọ́mọ nílé."

Ó sunkún, èmi náà sunkún, àmọ́ mi ò yí ọkàn padà. Ọ̀gá mi ní ká kàn sọ pé irọ́ ni, ká má dárúkọ ibi tó ti wá. Mo ní rárá o, àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún ọmọlúàbí, kò tó fún ìròyìn.

Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo kà á: "Nono ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbé irọ́ náà jáde ń ta yógọ́ọ̀tì ní Kabong. Ẹ̀gbọ́n èmi tí mò ń ka ìròyìn yìí ni."