Búùṣì tí Ukbai Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Bà Jẹ́

Bí Ukbai bá sọ pé ọkọ̀ kan ti dáa, ẹ kó ìyàwó àti ọmọ yín sínú rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Gbogbo Asmara ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò lẹ́nu dídùn, kì í bẹ oníbàárà, bí ẹ bá sì dúró tì í lórí jù nígbà tó ń ṣiṣẹ́, á ní kí ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kì í purọ́. Ní Medeber, níbi tí wọ́n ti ń fi agolo ṣe ìkòkò, tí wọ́n ń fi táyà gé bàtà, tí ariwo òòlù kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ọkọ̀ Fíátì kéékèèké tó ti wà láti ayé àwọn Ìtálì lòun ń tún ṣe. Ó ti pẹ́ tí èèyàn ti rí ẹ̀yà ara wọn rà gbẹ̀yìn. Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni Ukbai ń gé, tó ń fi sínú iná, tó ń tẹ̀ títí á fi gba abẹ́ Fíátì. Idẹ tó bá sì rí ṣà nílẹ̀ ló fi ń ṣe búùṣì, òrùka tí irin ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ń yí nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, Fíátì funfun kan wà lórí òkúta nínú ọgbà rẹ̀. Aboy Zerai ló ni ín. Aboy la ń pe ẹni tó bá tó bàbá ẹni. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ìyàwó rẹ̀ ti kú, Abrehet nìkan ṣoṣo sì lọmọ tó bí. Keren ni Abrehet ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin ni. Lọ́dọ̀ wa, ilé òbí rẹ̀ lobìnrin ti í gbàtọ́jú tó bá bí àkọ́bí, ìyẹn ni bàbá ṣe fẹ́ lọ gbé e wálé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Keren kì í ṣe ọ̀nà tí à ń bá ṣeré. Kọ́nà lórí kọ́nà ni, àfonífojì ló sì wà nísàlẹ̀. Sípíríǹgì iwájú ọkọ̀ náà ti tẹ́, búùṣì rẹ̀ ti jẹ tán, táyà sì ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ukbai ló ní kó má lọ títí òun á fi tún un ṣe.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Sípíríǹgì tuntun ti wọlé, ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ti wọlé, búùṣì ọ̀tún náà ti wọlé. Ó ku ti òsì, ó sì ti ṣe é tán, ọwọ́ rẹ̀ ló wà, nígbà tí àlùfáà àdúgbò, Keshi Mebrahtu, dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò wọlé. Ukbai jáde lọ bá a.

Àlùfáà sọ fún un pé Abrehet ti kú láàárọ̀ àná. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ya tí kò dá. Ọmọ wà láàyè. Àwọn àna rẹ̀ máa sin ín nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà.

Ukbai ní tí òun bá so búùṣì yìí mọ́ ọn, bàbá á ti dé Keren kí wọ́n tó gbé e jáde.

“Ta ló máa sọ fún un kó tó gbéra?” Keshi dá a lóhùn. “Ìwọ? A kì í túfọ̀ ọmọ fún bàbá lójú títì. Àyà ẹ̀ ò lágbára, o sì mọ ọ̀nà yẹn. Kùtùkùtù ọ̀la, kó tó bọ́jú, gbogbo wa máa pé síbẹ̀, àwọn èèyàn ẹ̀ á ti dé láti abúlé. Àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta.”

Àṣà wa nìyẹn, mi ò sì bá a jà. Kí ọ̀fọ̀ bá èèyàn láàárín èrò sàn ju kó bá a lóun nìkan lọ. Ṣùgbọ́n àṣà ò lọ́wọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ẹnìkan ló máa ń yá, lọ́jọ́ yẹn ó yá ti Ukbai.

Kò pẹ́ tí bàbá fi dé. Ó gbé ìyẹ̀fun ọkà báálì àti bọ́tà dání, tí wọ́n á fi ro gáàtì fún abiyamọ, ó jókòó sórí agolo, ó ń rojọ́. Ó ní àwọn obìnrin àdúgbò ti kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń rò ó, pé èyí tóun kọ́kọ́ rò, ajá ò jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ukbai kọ̀yìn sí i. Búùṣì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáa, bóyá kò tíì ṣe èyí tó dáa tó ìyẹn rí. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ pé iṣẹ́ tó dáa kò dáa. Ló bá mú ayùn tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, ó ń rẹ́ inú búùṣì náà títí ó fi bà jẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lè di òótọ́.

“Aboy, ó ti fẹ̀ jù. Mo máa ṣe òmíràn.”

Bàbá gbà á, ó fi irin bọ̀ ọ́, ó mì ín. “Ó ń mì lóòótọ́. Ìwọ Ukbai? Àṣé ogbó ti ń bá ìwọ náà.” Ló bá dìde. Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀ láti àná, òun ò mọ ohun tó dé, kí ọkọ̀ máa wà níbẹ̀, òun á wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán. Ó ti gbé ìyẹ̀fun rẹ̀.

Ukbai ò rò ó kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ jókòó, Aboy. Inú bọ́ọ̀sì lẹ máa gbé abiyamọ sí bọ̀, láàárín ewúrẹ́? Ẹ jẹ́ kí Abrehet fara balẹ̀ wálé.”

Bàbá wò ó. “Òótọ́ lo sọ,” ó ní. “Ara ẹ̀ ò tíì le.” Ó tún jókòó.

Ukbai yọ́ idẹ mìíràn, ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, bàbá ti sùn lọ lórí agolo. Ukbai mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Keren lásìkò yẹn. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì tún ń bínú, sí Keshi, sí àwọn àgbà, sí ẹnu ara rẹ̀ jù lọ. Ó jí bàbá, ó ní kó padà wá lọ́la.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ojúlé Aboy Zerai ti kún. Ukbai fẹ́ fara pamọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní iwájú ni kó dúró, nítorí ó súnmọ́ bàbá. Bàbá ṣílẹ̀kùn, Ukbai ló kọ́kọ́ rí, ojú bàbá sì tàn.

“Ukbai. O ti parí ẹ̀?”

Lẹ́yìn náà ló rí àlùfáà, ó rí àwọn obìnrin tó so aṣọ funfun mọ́dìí. Keshi sọ ọ́ tán kí igbe tó ta. Bàbá ò ké. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tó ti dúró. Wọ́n ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ta ni yóò sin bàbá yìí báyìí?

Nígbà tí oòrùn mú, tí èrò jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó ní kí wọ́n pe Ukbai wá. Ó bi í ìgbà tí wọ́n sin Abrehet. Ukbai ní nírọ̀lẹ́ àná ni.

“Búùṣì yẹn, èyí tí o kọ́kọ́ ṣe. Ó dáa, àbí?”

“Ó dáa, Aboy.”

“Ǹ bá ti rí ojú ẹ̀ gbẹ̀yìn.”

Ukbai fẹ́ sọ pé àwọn àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló fi ní kí bàbá jókòó.

Lẹ́yìn ọjọ́ ọ̀fọ̀, ó so búùṣì kejì mọ́ ọkọ̀, ó sì wa bàbá lọ sí Keren, lọ wo sàréè, kí wọ́n sì gbé ọmọ wálé. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ẹ̀yìn ni bàbá jókòó sí, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún Ukbai. Nínú gbogbo kọ́nà yẹn, Fíátì náà kò mì, kò dún. Ì bá wu Ukbai kó dún díẹ̀, kóun lè rí nǹkan sọ.