Ohùn Dádì Tó Há Sáàárín Ọ̀nà

Nígbà tí àìsàn dá Dádì dúbúlẹ̀, wọ́n gba ohùn ara wọn sílẹ̀ fún àwa ọmọ àti Mọ́mì. Inú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Ílọrin ni ohùn náà wà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Mọ́mì ní òun ti ṣe tán láti gbọ́ ọ. Èmi ni mo wà pẹ̀lú wọn l'Ọ́fà, ẹ̀gbọ́n mi sì ti rìnrìn àjò iṣẹ́ lọ sí Àbújá, fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kọ̀ǹpútà àwọn kì í ṣílẹ̀kùn fún ará ìta. Sẹ́fà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wà láàárín, òun nìkan ni kọ̀ǹpútà náà ń gbà láyè.

"Ibẹ̀ ni kí o gbà kọjá. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní SSH á la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ fún ẹ. Ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Ṣé inú sẹ́fà yẹn ni ohùn Dádì máa wá dúró ni?" ni mo béèrè.

"Rárá o. Á kàn gba ibẹ̀ kọjá ni."

Mo ní ó ti yé mi. Kò yé mi. Mo tẹ ohun tí wọ́n ní kí n tẹ̀, láptọ́ọ̀pù mi béèrè páswọọ̀dù, mo fún un. Ó tún béèrè òmíràn. Mo tún ti àkọ́kọ́ tẹ̀, ó kọ̀ ọ́.

"Ti sẹ́fà yàtọ̀ sí ti ilé!" ni ẹ̀gbọ́n mi pariwo lórí fóònù.

Mo tẹ ti ilé. Nígbà tó yá, láptọ́ọ̀pù ní òun ti parí. Mo wá inú láptọ́ọ̀pù mi títí, n kò rí nǹkan kan.

"Ó ti dé?" Mọ́mì béèrè.

"Ó ti kúrò n'Ílọrin, Mà."

"Ṣé ó ti kọjá Àjàṣẹ́?"

Àjàṣẹ́ ni ọkọ̀ ń gbà láti Ìlọrin wá s'Ọ́fà. N kò tilẹ̀ mọ orílẹ̀-èdè tí sẹ́fà náà wà.

Àṣé inú sẹ́fà ni mo wà tí mo ti ń pàṣẹ, mo wá da ohùn náà síbẹ̀. Ojú dúdú kan náà tí a ń tẹ àṣẹ sí ni gbogbo wọn ní, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jáde nínú sẹ́fà, kí n dúró sórí láptọ́ọ̀pù tèmi, kí n tó tún un tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, fáìlì náà dé.

Mo tẹ̀ ẹ́. Dádì wúkọ́, wọ́n sì pe Mọ́mì ní orúkọ tí àwọn nìkan máa ń pè wọ́n.

"Mo ń bọ̀," ni Mọ́mì dáhùn, wọ́n sì dìde, wọ́n kọjú sí yàrá tí Dádì dùbúlẹ̀ sí nígbà àìsàn.

Mo na ọwọ́ sí láptọ́ọ̀pù láti dá ohùn náà dúró, mo tún fà á padà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí fóònù, ohùn wọn ń jáde síta, wọ́n ń béèrè bóyá mo ti pa ohùn tó kù nínú sẹ́fà rẹ́. Mọ́mì padà wá jókòó.

"Má pa á," ni wọ́n wí. Bóyá èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni o, bóyá ẹ̀gbọ́n mi ni, n kò mọ̀.